Àga tó dojú bolẹ̀ nínú áàpù: ṣé Assimp ló jẹ̀bi ni, àbí fáìlì?

Ìbéèrè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Agbowó ni mò ń gbé, n'Íbàdàn níbí. Mò ń fi C++ àti OpenGL ṣe áàpù kékeré kan fún káfíńtà kan ní Bódìjà, kí oníbàárà lè yí àga, tábìlì tàbí bẹ́ẹ̀dì tó fẹ́ wò yípo kí wọ́n tó gé pákó. Blender (áàpù ìyàwòrán 3D) ni mo fi ń yà wọ́n, mo ń kó wọn jáde sí FBX (irú fáìlì 3D kan), Assimp ni áàpù mi sì fi ń kà wọ́n. Nínú Blender, kò sí àléébù kankan. Nínú áàpù, àga dojú bolẹ̀ bí ẹni pé mò ń wò ó láti òkè. Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi tún kóòdù náà ṣe, àga dìde lóòótọ́, àmọ́ ó wá tóbi débi pé n kò rí nǹkan kan mọ́ àfi bí mo bá sún kámẹ́rà sẹ́yìn gan-an. Àwọ̀ pákó tí mo fi kùn ún kò hàn, dúdú ni gbogbo ara rẹ̀. Tábìlì kan ṣoṣo tí àwọ̀ tirẹ̀ hàn, orí kodò ni àwòrán ara rẹ̀ wà. Àwọn kan ní Assimp ti bàjẹ́, pé kí n fúnra mi kọ èyí tí yóò máa ka fáìlì. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?”

Àbúrò, má tíì kọ nǹkan kan. Ẹ̀sùn mẹ́rin lo kà sílẹ̀: àga dojú bolẹ̀, àga tóbi jù, àga dúdú, àwòrán ara tábìlì dorí kodò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi hàn pé Assimp ti bàjẹ́. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, inú fáìlì FBX tí Blender kọ ni wọ́n ti wá, kóòdù rẹ ló sì fojú fo apá kan nínú ohun tí fáìlì náà sọ. Dúdú yẹn lè ní orísun tó ju ẹyọ kan lọ, a óò sì wá a. Èyí tó kẹ́yìn kò ju ọ̀rọ̀ ìlà kóòdù kan lọ. Àtúnṣe tí ọ̀rẹ́ rẹ ṣe gan-an ló tú àṣírí gbogbo rẹ̀: bó ṣe ní kí áàpù máa ka matrix (nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ohun kan wà, bó ṣe yí àti bó ṣe tóbi tó) tó wà lórí node (orúkọ tí fáìlì fi to ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀), àga dìde, ó sì di ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá mọ bí Blender ṣe ń kọ FBX, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti tó o.

Assimp, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún jẹ́ Open Asset Import Library, jẹ́ library C++ tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti wò, kó lò, kó sì tún ṣe. Irú fáìlì tó lé ní ogójì ló lè kà: FBX, OBJ, glTF, Collada, STL, 3DS àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun yòówù kí fáìlì náà jẹ́, inú ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ aiScene ló máa ń da gbogbo rẹ̀ sí. Níbẹ̀ lo ti máa bá àwọn mesh (ara ohun náà tí wọ́n fi onígun kéékèèké ṣe), àwọn material (bí ojú rẹ̀ ṣe rí), texture (àwòrán tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀) tí wọ́n bá kó mọ́ fáìlì, iná, kámẹ́rà, ìṣípòpadà, àti àwọn node tó so mọ́ ara wọn bí igi láti orí mRootNode. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í lóye ni pé wọ́n rò pé Assimp á tún fáìlì ṣe fún wọn. Kì í tún un ṣe. Ohun tí ẹni tó kọ fáìlì bá sọ ni Assimp máa ń sọ fún ọ, àfi ibi tí o bá ti fi flag (ọ̀rọ̀ àṣẹ tí o kọ mọ́ ReadFile, èyí tó ń ka fáìlì) bẹ̀ ẹ́ pé kó yí i padà. Nítorí náà, kì í ṣe kóòdù ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ dojú kọ bí nǹkan bá dàrú. Fáìlì ni.

Ẹ jẹ́ ká mú àga tó dojú bolẹ̀. Nínú Blender, axis Z ló kọjú sí òkè, mítà sì ni ìwọ̀n. Nínú FBX tí Blender ń kó jáde bí o kò bá yí ètò rẹ̀ padà, Y ló kọjú sí òkè, sẹ̀ǹtímítà sì ni ìwọ̀n. Ó yẹ kí Blender yí ipò gbogbo vertex (àwọn igun tó para pọ̀ di mesh) padà kó lè bá èyí mu, àmọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi àwọn vertex sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, ó wá kọ ọ́ sórí node ohun náà pé kí wọ́n yí i ní dígírì -90 lórí axis X, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po 100. Ní àkọ́kọ́, kóòdù rẹ gba orí scene->mMeshes kọjá tààrà, ó ń ya mesh kọ̀ọ̀kan láìbéèrè lọ́wọ́ node kankan. Vertex tí a kò fọwọ́ kàn lo rí: òkè àga kọjú sí ọ, iwájú rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ fi node kún un, dígírì -90 yẹn ṣiṣẹ́, àga dìde. Ìlọ́po 100 náà sì ṣiṣẹ́. Àga tó ga ní ínṣì 36, ìyẹn mítà 0.9144, wá ga ní 91.44. Bí kámẹ́rà rẹ bá dúró ní 3, inú àga lo wà yẹn, ẹ̀yìn àwọn onígun mẹ́ta lo sì ń wò. Bí o bá ti tan GL_CULL_FACE, tó ń ní kí OpenGL má ya ẹ̀yìn wọn, wọn ò ní yà rárá. Ká ní Cocoa House tó wà ní Dùgbẹ̀ lo yà, tó ga ní mítà 105, yóò di 10,500 nínú áàpù rẹ, glm::perspective tí o fi 100 ṣe òpin ibi tí kámẹ́rà lè rí yóò sì gé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù.

Má ṣe torí èyí padà sí kóòdù àkọ́kọ́ o. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ṣe ló tọ́. Node kọ̀ọ̀kan ní mTransformation tirẹ̀, tó ń sọ ibi tó wà sí òbí rẹ̀, kì í ṣe sí gbogbo ayé. O gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mRootNode, kí o fi matrix òbí sọ matrix ọmọ di púpọ̀, òbí lápá òsì, ọmọ lápá ọ̀tún, kí o sì gbé èsì rẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ tó kù nísàlẹ̀. Nọ́ńbà lásán ló wà nínú mMeshes ti node. Nọ́ńbà yẹn lo máa fi wá mesh gidi nínú scene->mMeshes. Bí ẹsẹ̀ àga mẹ́rin bá jẹ́ ohun mẹ́rin nínú Blender, ẹni tó bá fojú fo node yóò rí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n gun orí ara wọn lójú kan, á sì máa bú Assimp. Ohun kejì tó ń mú àwọn èèyàn níbí ni pé aiMatrix4x4 ń to nọ́ńbà rẹ̀ ní ìlà ní ìlà, ibi tí ohun náà dúró sí wà ní a4, b4 àti c4. GLM, library ìṣirò tí àwọn tó ń lo OpenGL máa ń lò, ń to tirẹ̀ ní òpó ní òpó. Bí o bá kàn da ọ̀kan sínú èkejì, àga yóò wọ́, tàbí kó fẹ̀ bí o bá ṣe ń sún kámẹ́rà. glm::transpose(glm::make_mat4(&n->mTransformation.a1)) ló tọ́. Bí o bá sì rí node tí orúkọ rẹ̀ ní $AssimpFbx$ nínú, má bẹ̀rù, FBX ló ní ọ̀nà tó díjú láti fi sọ ibi tí nǹkan ti ń yí, Assimp sì pín in sórí node púpọ̀. Bí o kò bá fẹ́ rí wọn, fi importer.SetPropertyBool(AI_CONFIG_IMPORT_FBX_PRESERVE_PIVOTS, false) síwájú ReadFile.

Ọ̀nà kúkúrú kan wà tó yẹ kí n sọ. Flag aiProcess_PreTransformVertices yóò bá ọ fi gbogbo matrix sínú vertex, yóò sì tú igi node náà ká, débi pé o lè gba orí scene->mMeshes kọjá bí o ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Fún àga tí kò ní ohun tó ń mì lára, kò burú. Àmọ́ ìṣípòpadà yóò lọ, ẹsẹ̀ kan tí àga lò lẹ́ẹ̀mẹrin yóò di ẹsẹ̀ mẹ́rin gidi nínú memory, bí káfíńtà bá sì ní òun fẹ́ kí dúrọ́ọ̀ máa ṣí lójú oníbàárà, o ò ní rí node dúrọ́ọ̀ mú mọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní lò ó. Kóòdù tó ń rin igi node kò ju ìlà mẹ́wàá lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì lo máa kọ ọ́.

Ní ti títóbi, ojútùú tó mọ́ jù ni kí o fi FBX sílẹ̀ fún ohun tí ìwọ fúnra rẹ yà. Kó o jáde sí glTF Binary, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń parí ní .glb. Òfin glTF 2.0 sọ ọ́ ní kedere pé Y ni òkè, mítà ni ìwọ̀n, kò sí pé ẹnì kan lè kọ tirẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Blender náà yóò sì yí vertex fúnra wọn padà, níwọ̀n ìgbà tí +Y Up bá wà ní títẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Kí o tó kó o jáde, mú gbogbo ohun náà, tẹ Ctrl+A, kí o yan Rotation & Scale. Àga tí o fà gùn pẹ̀lú scale tí o kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ báyìí lè dára lójú, kó sì máa dà ọ́ láàmú níbi iná àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pàápàá bí scale náà bá jẹ́ òdì nítorí pé o fi ṣe ẹ̀dà apá òsì sí ọ̀tún. Ohun kan tún wà lójú ìwé Export yẹn tí kò yẹ kí o fọwọ́ kàn: Compression. Draco ló ń lò, Assimp tí wọ́n kọ́ láìfi ASSIMP_BUILD_DRACO kún un kò sì lè tú u, bẹ́ẹ̀ láìfi í kún un ni wọ́n sábà máa ń kọ́ ọ. Fáìlì á kéré lóòótọ́, àmọ́ àga ò ní jáde.

Bí ó bá jẹ́ FBX ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún ọ, kò sí bí o ṣe fẹ́ mọ ìwọ̀n rẹ̀ bí kò ṣe pé kí o wọ̀n ọ́n. Lórí Ubuntu, sudo apt install assimp-utils libassimp-dev yóò fún ọ ní library náà pẹ̀lú irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń lò láti ojú tẹ́míná. Kọ assimp info aga.fbx. Yóò tẹ iye mesh, iye vertex, iye material, iye texture tó wà nínú fáìlì, igi node, àti ìlà méjì tó ṣe pàtàkì jù fún ọ: Minimum point àti Maximum point. Yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó tóbi lórí axis kọ̀ọ̀kan. Bí gíga àga bá jáde ní nǹkan bíi 0.9, mítà ni. Bó bá jẹ́ 91, sẹ̀ǹtímítà ni. Bó bá jẹ́ 36, ẹni tó yà á lo ínṣì, èyí sì wọ́pọ̀ nítorí pé ínṣì àti ẹsẹ̀ bàtà ni àwọn káfíńtà wa fi ń sọ̀rọ̀ ní ọjà pákó, fi 0.0254 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí gíga rẹ̀ bá wà lórí Z dípò Y, o ti rí ìdí tó fi dojú bolẹ̀ nìyẹn. Flag kan wà tó ń jẹ́ aiProcess_GlobalScale tó yẹ kó yanjú ìwọ̀n FBX. Lò ó bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n tún gíga rẹ̀ wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, torí pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń kọ FBX ló ń kọ ìwọ̀n tòótọ́ sínú rẹ̀. OBJ àti STL ò tiẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n sí tó ṣeé gbára lé, ìwọ ni yóò bi ẹni tó yà á.

Ó kan dúdú báyìí. Àìrí fáìlì náà lójú kò jẹ́ kí n lè fọwọ́ sọ̀yà pé orísun kan pàtó ni, àmọ́ o lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún dín wọn kù sí ẹyọ kan. Nínú fragment shader rẹ, ìyẹn kóòdù tó ń pinnu àwọ̀ tó máa hàn lójú ẹ̀rọ, kọ́kọ́ pa iná rẹ́, kí o tẹ àwọ̀ texture nìkan síta. Bí pákó bá hàn, texture ò ní ẹ̀sùn, iná tàbí normal ló ní ọ̀ràn. Lẹ́yìn náà, tẹ normal fúnra rẹ̀ síta gẹ́gẹ́ bí àwọ̀, N * 0.5 + 0.5. Ara àga yẹ kó ní oríṣiríṣi àwọ̀, ojú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Bó bá jẹ́ eérú kan náà níbi gbogbo, òdo ni normal rẹ, kò sí iná tó lè ràn án.

Normal ni ọfà kékeré tó ń sọ ibi tí ojú ohun kan kọ sí. Fáìlì míì kì í ní i, mesh->HasNormals() ni yóò sọ fún ọ. aiProcess_GenSmoothNormals yóò ṣe é fún èyí tí kò ní, kò sì ní fọwọ́ kan èyí tó ti ní. Àmọ́ fún iṣẹ́ pákó, wo nǹkan kan dáadáa: igun tí ó fi ń pinnu pé ojú méjì jẹ́ ara kan náà bẹ̀rẹ̀ láti dígírì 175, ìyẹn ni pé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dan gbogbo etí. Tábìlì tí etí rẹ̀ ṣe gígún yóò wá dà bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò. Fi SetPropertyFloat yí AI_CONFIG_PP_GSN_MAX_SMOOTHING_ANGLE sí nǹkan bíi 40, tàbí kí o lo aiProcess_GenNormals tó ń fi ojú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní pẹrẹsẹ. Méjèèjì kì í lọ pọ̀. Ọ̀kan ni kí o yàn.

Bó bá jẹ́ texture ni kò jáde, ibi mẹ́ta ni kí o wò. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà tí wọ́n kọ sínú fáìlì. OBJ kì í gbé àwòrán, fáìlì .mtl ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń sọ orúkọ rẹ̀, o sì lè bá C:\Users àti gbogbo fódà ẹni tó yà á lójú ìlà map_Kd. Kọ̀ǹpútà káfíńtà kò ní fódà yẹn. Lórí Linux àti Android, Pako.JPG àti pako.jpg kì í ṣe fáìlì kan náà, Windows ni kò ka ìyẹn sí, nítorí náà ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí laptop rẹ lè kú lórí fóònù. Ibi kejì ni texture tó wà nínú fáìlì fúnra rẹ̀, bí GLB ṣe máa ń ní tàbí FBX tí o yan Copy fún Path Mode, tí o sì tẹ àmì àpótí kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà náà, orúkọ tí material yóò fún ọ lè jẹ́ *0, ó sì lè jẹ́ orúkọ fáìlì lásán. Má fi ọwọ́ tú u; pe scene->GetEmbeddedTexture(orúkọ.C_Str()). Bó bá fún ọ ní nullptr, wá a nínú fódà. Bó bá fún ọ ní texture, wo mHeight rẹ̀. Bí mHeight bá jẹ́ 0, PNG tàbí JPG tí a kò tíì tú ló wà nínú pcData, mWidth sì ni iye báìtì rẹ̀, kì í ṣe fífẹ̀ àwòrán. Fún stbi_load_from_memory (ti stb_image, library tó ń ka àwòrán) ní méjèèjì. Àwọn tó ń fi mWidth ṣe fífẹ̀ àwòrán pọ̀, àwòrán dúdú tàbí áàpù tó ṣubú ni wọ́n máa ń bá pàdé.

Ibi kẹta ni Blender, mo sì fura sí i gan-an nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ. Bó bá jẹ́ pé o fi Noise Texture, Wave Texture àti Color Ramp ṣe ojú pákó yẹn, Blender ló ń ṣe ìṣirò rẹ̀ nígbà tó bá ń yà á. Kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀ tó lè bá fáìlì jáde. FBX, OBJ àti glTF ò mọ ohun tó ń jẹ́ Noise Texture. O ní láti kọ́kọ́ tú àga sórí UV (kí ojú rẹ̀ wà ní pẹrẹsẹ bíi bébà), kí o fi Cycles, ẹ̀rọ ìyàwòrán inú Blender, bake (tẹ) àwọ̀ rẹ̀ sínú àwòrán PNG, kí o sì so PNG yẹn tààrà mọ́ Base Color ti Principled BSDF. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó kó o jáde. Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí pé Blender kì í sábà pariwo pé òun fi nǹkan kan sílẹ̀.

Bí o bá lọ sí GLB, ohun kan ṣì lè sọ àga rẹ di dúdú bí texture tiẹ̀ wà. Nínú glTF, bí ẹni tó kọ fáìlì bá gbàgbé láti kọ metallicFactor, 1 ni òfin ní kí a kà á sí, ìyẹn irin pátápátá. Irin kì í fi àwọ̀ tirẹ̀ hàn bí igi ṣe ń ṣe, ohun tó wà láyìíká rẹ̀ ló ń gbé yọ. Bí shader rẹ kò bá ní àyíká kankan láti gbé yọ, òkùnkùn ló máa gbé yọ. Igi kì í ṣe irin, nítorí náà rí i dájú pé Metallic wà ní 0 nínú Blender.

Tábìlì tó dorí kodò ò le rárá. Assimp ka ìsàlẹ̀ lápá òsì sí ìbẹ̀rẹ̀ àwòrán, bí OpenGL ṣe kà á, fáìlì glTF tó ka òkè lápá òsì sí ìbẹ̀rẹ̀ sì ni Assimp ti bá ọ yí padà nígbà tó ń kà á. stb_image ní tirẹ̀ máa ń fún ọ ní ìlà òkè àwòrán lákọ̀ọ́kọ́. Ẹnì kan ní láti yí i: bóyá kí o kọ stbi_set_flip_vertically_on_load(true), bóyá kí o fi aiProcess_FlipUVs sí flag rẹ. Ọ̀kan. Bí o bá ṣe méjèèjì, wọ́n pa ara wọn rẹ́, orí kodò ló sì máa wà. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí èèyàn méjì bá tọwọ́ bọ kóòdù kan náà.

Flag tí mo máa fi ka àga fún irú áàpù yìí ni aiProcess_Triangulate, aiProcess_JoinIdenticalVertices, aiProcess_SortByPType àti ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe normal. Triangulate pọn dandan, torí onígun mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n yà nínú Blender, OpenGL rẹ sì ń retí mẹ́ta. JoinIdenticalVertices ló ń jẹ́ kí index (nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí vertex) ní ìtumọ̀: àpótí onígun lásán, láìfi í kún un, lè jẹ́ vertex 36, pẹ̀lú rẹ̀, 24. Kò ní di 8 bí igun rẹ̀ ṣe jẹ́, nítorí pé ojú mẹ́ta tó pàdé ní igun kan ní normal tó yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn ReadFile, wò bóyá scene jẹ́ nullptr, bóyá mFlags rẹ̀ ní AI_SCENE_FLAGS_INCOMPLETE, bóyá mRootNode kò sí, kí o sì tẹ GetErrorString() síta. Má ṣe dá Importer sínú function kan kí o wá dá aiScene rẹ̀ padà fún ẹlòmíràn, torí pé Importer ló ni scene náà. Bí ó bá ti kú, scene bá a lọ, áàpù rẹ yóò sì ṣubú níbi tí o kò fura sí.

Ṣé kí o wá kọ olùka fáìlì tìrẹ? Fún OBJ, o lè ṣe é, yóò sì kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́: ọ̀rọ̀ lásán ni, ìlà v, vt, vn àti f, kí o ṣáà rántí pé láti 1 ni nọ́ńbà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ àti pé nọ́ńbà òdì túmọ̀ sí kíkà láti ẹ̀yìn. Fún FBX, má dán an wò. Autodesk ló ni ín, wọn ò fi bí wọ́n ṣe to inú rẹ̀ síta, àwọn tó tú u wò ló jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè tó dára jù ni bóyá áàpù tí o máa gbé fún káfíńtà tiẹ̀ nílò Assimp nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan ni yóò máa ya gbogbo àga, kó gbogbo rẹ̀ jáde sí GLB lórí tábìlì tìrẹ, kí o sì fi cgltf tàbí tinygltf kà á nínú áàpù. Wọ́n kéré, glTF nìkan ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tí o máa pàdánù ni pé wọn ò ní bá ọ ṣe normal, wọn ò ní bá ọ so vertex pọ̀, ìwọ ni yóò ṣe é tàbí kí Blender ti ṣe é ṣáájú. Bó bá jẹ́ pé káfíńtà fẹ́ kí oníbàárà gbé fáìlì tirẹ̀ wá láti ibikíbi, 3DS àtijọ́, Collada, FBX, Assimp ló yẹ ọ́, kò sí èyí tó kà tó o. Ní irú ipò yẹn, má ṣe gbà á ní .blend. Assimp ń gbìyànjú láti kà á, àmọ́ ohun tó wà nínú memory Blender gan-an ni fáìlì yẹn, ó ń yí padà bí Blender ṣe ń yí padà, ọ̀pọ̀ modifier ò sì ní bá a wá.

Bó bá jẹ́ Assimp lo mú lọ sórí Android, má kọ́ gbogbo rẹ̀. Olùka fáìlì tó lé ní ogójì wúwo, o ò sì nílò ju méjì lọ. Fún CMake, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ library, ní -DASSIMP_BUILD_ALL_IMPORTERS_BY_DEFAULT=OFF -DASSIMP_BUILD_GLTF_IMPORTER=ON -DASSIMP_BUILD_FBX_IMPORTER=ON -DASSIMP_NO_EXPORT=ON -DASSIMP_BUILD_TESTS=OFF. Kíkọ́ rẹ̀ náà yóò yá ju ti gbogbo-gbòò lọ, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré bí iná kò bá dúró. Wo texture pẹ̀lú: JPG tí kò ju mẹ́gábáìtì méjì lọ lórí díìsìkì, bó bá jẹ́ 4096 sí 4096, yóò gba mẹ́gábáìtì 64 nínú memory fóònù lẹ́yìn tí wọ́n bá tú u sí RGBA. Ní 1024 sí 1024, mẹ́gábáìtì 4 ni. Ojú pákó ẹsẹ̀ àga kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí o bá máa gba fáìlì lọ́wọ́ ẹni tí o kò mọ̀, máa lo Assimp tuntun, torí pé léraléra ni wọ́n ti rí àléébù ààbò nínú àwọn olùka fáìlì àtijọ́ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń dí wọn. Ní ti ìwé àṣẹ, BSD oní-gbólóhùn mẹ́ta ni tirẹ̀: o lè ta áàpù náà fún káfíńtà láìfi kóòdù tìrẹ hàn, níwọ̀n ìgbà tí o bá fi ọ̀rọ̀ àṣẹ Assimp sínú rẹ̀, bí àpẹẹrẹ lójú ìwé “Nípa áàpù yìí”, tí o kò sì fi orúkọ àwọn tó kọ ọ́ polówó ọjà rẹ láìgbàyè. Àwòrán ojú pákó tí o bá gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tí Assimp kò bá ọ dá sí. Kà á kí o tó bake rẹ̀ mọ́ àga tí wọ́n máa fi tajà.